Ara Ni Télọ̀ Ń Wọ̀n

Obìnrin náà ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè kí i káàárọ̀. Páálí fífẹ̀ kan ló tẹ́ sílẹ̀ tó fi ẹ̀yìn lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, nínú ṣòkòtò dúdú tí fífọ̀ ti sọ di aláwọ̀ eérú. Ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì kékeré kan mú. Ó ń na téèpù aláṣọ, irú èyí tí àwọn télọ̀ máa ń fi kọ́rùn, láti ojú ihò bóòtù kan dé òmíràn, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára páálí pẹlẹbẹ kan tó gbé lé àyà.

"Àǹtí, apá òsì ló bàjẹ́ o," mẹkáníìkì sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú. "Ọ̀tún lẹ ń wọ̀n yẹn."

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Mo mọ̀."

"Ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan."

"Ìdí tí mo fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Apá tó bàjẹ́ ò lè sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún mi. Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lójú ìmọ́lẹ̀."

Mẹkáníìkì gbé ẹsẹ̀. Kì í tètè gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó-Ti-Tán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ènìyàn bá béèrè iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, "Ó ti tán" ni yóò dáhùn. Ká sọ òótọ́, ó ti ṣe púpọ̀ lára ọkọ̀ yìí: ó ti na bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti fi rédíétọ̀ mìíràn sí i, ó ti ra iná iwájú òsì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọkọ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti ra ọ̀pá sítíárìn, ìyẹn irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì, tí kò wọlé. Èyí àkọ́kọ́ gùn jù, ó sì rí i dá padà. Ihò èkejì kò bá ti ọkọ̀ mu, ló bá fi fáìlì irin rẹ́ etí rẹ̀, ibi tí bóòtù ń gbà wọlé, kó lè wọlé tipátipá. Kò wọlé náà, ẹni tó tà á kò sì gbà á padà mọ́. Irin tó dára, tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ẹnìkan, wá di ohun tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Nọ́ọ̀sì tó ni ọkọ̀ dúró ti ògiri, ó gbá báàgì mọ́ra. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, aago méje, ó gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ ara rẹ̀ dé ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn, láti ilé dé ilé. Wọ́n kọ ọ́ kedere: ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ tó ń rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé ni wọn yóò pè. Ọdún mẹ́ta ló fi wá iṣẹ́ yìí. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì, ó sì ti tú u wò débi pé ojú ibi tó ti ṣẹ́ po fẹ́ já.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí táyà àlòkù kan, ilẹ̀ ló ń wò. Òun ló yá ọkọ̀ náà láti fi gbé fóòmù ibùsùn, òun ló sì lọ fi kọlu òpó géètì.

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?" ohùn béèrè láti abẹ́ ọkọ̀.

"Òpó yẹn ni, mà," ẹ̀gbọ́n ní. "Ó ti sún mọ́ ojú ọ̀nà jù."

"Ó sún wá bá yín ni, Bọ̀dá mi?" nọ́ọ̀sì dáhùn. "Òpó tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín?"

"Mo kàn ń kí ẹnìkan ni."

"Ẹ kí i dáadáa," ni Ó-Ti-Tán sọ, ó sì fi ọwọ́ ra bọ́ńpà iwájú tó ṣì wọnú.

Télọ̀ Ọkọ̀ ni gbogbo àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe mọ obìnrin náà sí. Aṣọ ló rán fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ọkọ̀ tirẹ̀ forí sọ nǹkan, wọ́n ra ilẹ̀kùn mẹ́ta fún un, kò sí èyí tó pa dé nínú wọn. Lọ́jọ́ kẹrin ó fi téèpù kọ́rùn, ó lọ sí ọgbà àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà, ó sì gbé ilẹ̀kùn tó bá a mu bọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Láti ìgbà náà ló ti ń bá àwọn ẹlòmíràn wá ẹ̀yà ọkọ̀. Bí o bá sọ orúkọ ọkọ̀ rẹ fún un, yóò gbọ́ ọ, yóò sì ní kí o mú òun lọ síbi tó wà. "Orúkọ kọ́ ni mò ń wọ̀n," ni yóò wí, "ara ni."

Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró síwájú gíláàsì, ó ń wo wáípà méjèèjì bí ẹni tó ń wo ojú àlejò tó rò pé òun ti rí rí.

"Nọ́ọ̀sì, tí òjò bá ń rọ̀ tí ẹ ń wakọ̀, ibo ni wáípà yìí kì í nù dé?"

Nọ́ọ̀sì ronú díẹ̀. "Igun ọ̀dọ̀ mi níbí, mà. Mo máa ń tẹ ọrùn sí apá kejì kí n tó ríran."

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì yín ńkọ́?"

"Tiẹ̀ máa ń mọ́ kedere."

"Ẹni yẹn ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún." Ó ti kọjú sí iná iwájú ọ̀tún, èyí tí kò fọ́. "Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ṣé àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé yín máa ń ṣẹ́ iná sí yín?"

Ojú nọ́ọ̀sì là. "Ní gbogbo ìgbà, mà! Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo máa ń juwọ́ sí wọn."

Ó-Ti-Tán fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n kò bo tirẹ̀. "Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin lo ti ń fi iná gún àwọn ènìyàn lójú, o tún ń kí wọn kú ìrọ̀lẹ́!"

"Èmi ṣì ń kí ènìyàn. Ẹ̀yin, òpó lẹ kí."

Télọ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó ká kápẹ́ẹ̀tì ibi tí èrò máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ara irin tó wà lẹ́yìn ẹnjìnnì. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi dí ojú ihò, wọ́n jó o mọ́ ọn yíká, wọ́n sì kun ọ̀dà bò ó. Ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wọn wá wò ó.

"Apá ọ̀tún ni sítíárìn wà nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí. Ibi tí wọ́n ti ń gba apá òsì títì ló ti wá. Ẹnìkan gbé e sósì kí wọ́n tó tà á fún yín. Iṣẹ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò rántí wáípà, wọn ò sì rántí iná. Iná náà ṣì ń wo ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ láti máa wò, ìyẹn ojú ẹni tó ń bọ̀." Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Inú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì lu ihò tuntun fún un. Orúkọ tí o fi ń rà á ló ń tàn ọ́ jẹ."

Ó-Ti-Tán họ orí. "Àǹtí, ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń tọwọ́ bọ inú ọkọ̀..."

"Ojú lásán ò lè rí i. Ihò mẹ́rin ni mo bá lápá ọ̀tún níbi tó yẹ kí méjì wà. Méjì ṣófo. Bí mi ò bá wọ̀n ọ́n, èmi náà ni ǹ bá ra ẹ̀kẹta fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn tù ú nínú, ó sì fún un ní èrò. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ra odindi iwájú ọkọ̀. Wọ́n máa ń gé e tà, látorí ẹnjìnnì dé bọ́ńpà. Ká gbé e wá, ká jó o mọ́ ọn, ó ti tán!"

"Ká sọ ẹnjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ nù, ká sọ rédíétọ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i nù, nítorí ọ̀pá kan?" Ó ti fa sísọ́ọ̀sì yọ nínú àpò. "Tú èyí tó ṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n tú ọ̀pá tó ṣẹ́ náà sílẹ̀. Télọ̀ tò ó pọ̀ lórí páálí gígùn kan, ó kó ojú ibi tó ti ṣẹ́ kanra, ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ ara rẹ̀ yíká, ó sì gé páálí náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gé apá búláòsì. Ó lu ihò bóòtù sí i níbi tó yẹ. Ohun kan ló tún wò lẹ́ẹ̀mejì: etí òsì ga ju etí ọ̀tún lọ ní ìwọ̀n ìka kan. Ó fa ìlà sídìí rẹ̀.

"Ta ni yóò bá mi ru ẹrù?"

Ẹ̀gbọ́n dìde kí ẹnikẹ́ni tó wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọgbà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà náà fẹ̀, ó sì gbóná. Ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní táyà, tí kò ní ojú, tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Bàbá tó ni ín ń wá awò rẹ̀ kiri nígbà tí wọ́n wọlé. Iwájú orí rẹ̀ ló wà. Télọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì nawọ́ sí iwájú orí tirẹ̀ wẹ́rẹ́. Bàbá fọwọ́ kan awò, ó fà á wálẹ̀ sójú, kò sì jẹ́ kó di ọ̀rọ̀.

"Ọ̀pá sítíárìn? Wọ́n pọ̀. Orúkọ ọkọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n kàn máa wò wọ́n, Bàbá."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣẹ́ẹ́fù àkọ́kọ́. Ó gbé páálí lé ọ̀pá kan, ó wò ó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó mú òmíràn. Kò fo ọ̀kankan. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ń kà á, ó sì dákẹ́ nígbà tó kọjá ọgbọ̀n.

"Aṣọ lo fẹ́ rán fún un ni?" Bàbá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wọ inú lọ, ó sì gbé ọ̀pá kan jáde tí ọ̀dà dúdú ń dán lára rẹ̀. "Tuntun lèyí. Wò ó. Àwòjíìjí!"

Ihò rẹ̀ bá páálí mu. Etí rẹ̀ náà fẹ́ bá a mu. Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́ láti gbà á, inú rẹ̀ ti dùn. Télọ̀ gbé e sínú oòrùn, ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì họ ọ̀dà náà nídìí etí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn lábẹ́ rẹ̀, níbi tí irin ti là tí wọ́n sì jó pọ̀.

"Bàbá, nọ́ọ̀sì kan ló fẹ́ wa ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi sí."

Bàbá wo ìlà náà fún ìgbà díẹ̀. "Bí wọ́n ṣe tà á fún èmi náà nìyẹn," ó ní, ó sì jù ú sórí òkìtì irin fúnra rẹ̀.

Télọ̀ jókòó sórí àpótí bátìrì kan, ó gbé páálí lé orúnkún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó ń rí àbúrò rẹ̀ lọ́kàn, tó dúró létí títì ní àárọ̀ Mọ́ńdè pẹ̀lú báàgì.

"Mà, ṣé kò sí mọ́ ni?"

"Dúró. Ká ní èmi ni ẹni tó fẹ́ gbé sítíárìn ọkọ̀ yẹn láti ọ̀tún sósì nígbà náà," ni Télọ̀ ń sọ, bí ẹni tó ń bá páálí sọ̀rọ̀. "Mo nílò ọ̀pá. Mi ò ní lọ wá èyí tó ṣọ̀wọ́n. Èyí tó kún ilẹ̀ ni màá mú." Ó gbójú sókè. "Bàbá, ọkọ̀ wo ló pọ̀ jù níbí ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn?"

"Takisí onígun mẹ́rin nì! Háà, ibi tí o bá yíjú sí ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ́ gbogbo wọn. Ẹyọ kan ló kù mí kù, n ò sì ní tà á."

"Kí ló dé?"

"Adìyẹ mi ń sàba nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Takisí náà wà nídìí ògiri ẹ̀yìn, ó ti dípẹtà láti òkè délẹ̀, adìyẹ pupa kan sì jókòó sórí àga awakọ̀ bí ẹni tó ń retí èrò. Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pa ẹyin rẹ̀," Bàbá wí. "Èyí tó sàba ṣáájú, wọ́n yọ táyà létí rẹ̀, ó sì fi gbogbo ẹyin sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mú un dìde, ẹ ti jẹ̀bi mi."

"Bí n ò bá mú un dìde ńkọ́?"

"O ò lè ṣe é. Abẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an ni sítíárìn ti wọlẹ̀."

Télọ̀ ti ń tẹ́ páálí fífẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ abẹ́ takisí lọ, ó sì gbé páálí tó gé lé ọ̀pá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀. "Etí òsì ga."

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló lò. Bóòtù tó dípẹtà fẹ́ kí ènìyàn fi òòlù gbá a, ṣùgbọ́n kò gbá ọ̀kankan. Ó rọ epo sí wọn, ó dúró, ó fi sípánà tẹ̀ wọ́n díẹ̀, ó tún rọ epo, ó tún dúró. Nígbà tó kan ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ìdí sítíárìn, ó gba ojú ilẹ̀kùn wọlé, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sí ìsàlẹ̀ àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ́ kan ìyẹ́ adìyẹ. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n fi páálí fífẹ̀ nì dí ojú adìyẹ náà, kó má mì. Ẹ̀gbọ́n kò mì. Adìyẹ na ọrùn lórí páálí, ó ṣá a lọ́rùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gbọ́n kò sì mì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọlọ́mọ," Télọ̀ ń wí fún adìyẹ. "Ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré."

Bàbá ti gbé àga wá, ó jókòó ń wò wọ́n. Ó gbé awò rẹ̀ sójú dáadáa.

Bóòtù ìkẹyìn jábọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ Télọ̀ láìdún. Ó fa ọ̀pá náà jáde, ó nù ún, ó họ ọ́ níbi mẹ́rin, ó fi ọwọ́ yí i, ó gbé etí sí i bó ṣe ń yí. Ó yí geere. Adìyẹ ṣì jókòó.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé," Bàbá wí, "n ò rí irú èyí rí. Kí ni o tún fẹ́?"

"Iná iwájú ọ̀tún kan."

Ẹnu ya ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin yìí kì í pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. "Mà, ọ̀tún ò fọ́ kẹ̀."

"Kò fọ́, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ojú ẹlòmíràn. Ìyẹn náà bàjẹ́." Èyí ni wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ rà, ó sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ó-Ti-Tán gbé ọ̀pá náà sókè sábẹ́ ọkọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ti mú fáìlì sí ìtòsí. Ọ̀pá náà wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára, ihò dojú kọ ihò, bóòtù wọlé láìjà. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu.

Télọ̀ gbé ìka kan sókè. Ó-Ti-Tán pa ẹnu dé.

Télọ̀ jókòó sídìí sítíárìn, ó yí i dé òpin òsì, ó yí i dé òpin ọ̀tún, ó ka iye ìgbà tó yí. Ó dọ́gba. Ó fi téèpù wọn àárín táyà iwájú méjèèjì, láti iwájú àti láti ẹ̀yìn wọn. Ó ní kí wọ́n sún ọkọ̀ kọjú sí ògiri inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí wọ́n sì tan iná. Ìmọ́lẹ̀ méjì balẹ̀ sára ògiri, wọ́n ga dọ́gba, àwọn méjèèjì sì wo apá ọ̀tún, kúrò ní ojú ẹni tó ń bọ̀.

"Wọn ò ní kí ọ mọ́ báyìí," ẹ̀gbọ́n wí.

Nọ́ọ̀sì ti bọ́ sínú ọkọ̀. Ó wà á jáde, ó yí igun òpópónà lọ, gbogbo wọn sì dúró títí ohùn ẹnjìnnì náà fi padà bọ̀ láti apá kejì. Ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn, ó wò wọ́n, ó tún gbé wọn padà.

"Ó lọ tààrà," ó wí. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Mà, ṣáájú kí Bọ̀dá mi tó fi kọlu òpó gan-an, kì í lọ tààrà báyìí."

"Ṣé ẹ gbọ́ o?" ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi ni mo ṣe é lóore."

"Ẹ dákẹ́, Bọ̀dá mi." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rí ibi tí adìyẹ ti ṣá ẹ̀gbọ́n lọ́rùn ọwọ́, ó sì ṣí báàgì láti mú oògùn. Lẹ́tà náà bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣà á, ó nà án tọ́tọ́, ó dá a padà fún un.

Télọ̀ ti mú páálí tó gé. Ó fi bírò kọ ọ́ sí i lára pé ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ yìí wà tẹ́lẹ̀, pé ọ̀pá takisí onígun mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀, pé iná méjèèjì ti yí padà. Ó fi sínú àpótí kékeré tó wà níwájú àga èrò. "Ẹni tó bá tún wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún un ní èyí. Kó má lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Wáípà ńkọ́, mà?"

"Wáípà ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tí òjò bá rọ̀, ẹ máa tẹ ọrùn."

Ó nu sípánà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò, ó ṣẹ́ páálí fífẹ̀ rẹ̀ po ní mẹ́rin. Nígbà tó ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi há a yọ, èyí tí wọ́n ti rẹ́ etí rẹ̀. Ó yí ìdí rẹ̀ méjèèjì wò. "Etí rẹ̀ ló bàjẹ́. Inú rẹ̀ ṣì dára. Mo mọ ẹni tó ń wá irin inú rẹ̀. Ṣé kí n máa gbé e lọ?"

"Ẹ máa gbé e lọ, Àǹtí. Ẹ dákun, ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

"Màá mú owó rẹ̀ wá." Ó gbé e lé èjìká, ó sì wo ojú mẹkáníìkì, tí ẹnu ń yún láti àárọ̀. "Ó yá. Sọ ọ́."

"Ó ti tán!" Ó-Ti-Tán pariwo.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ohun tó há a mọ́, rọra pa dé lẹ́yìn obìnrin náà. Ó ti wà lójú títì, téèpù lọ́rùn, irin léjìká, ó ń lọ.